Bí ẹ ṣe máa yan ráútà tuntun sílé láì sọ fóònù, prínńtà àti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ di òkú ọjà

Ẹ ra ráútà tuntun, owó gidi lẹ san, ẹ gbé e délé, fóònù Infinix ti àbúrò yín gbà á kíá ó sì ń sáré, àmọ́ láptọ́ọ̀pù HP tí dádì ń lò látọjọ́ tó ti pẹ́ ò rí orúkọ wifi yẹn rárá, iná prínńtà ń ṣẹ́jú pàkò, kámẹ́rà tó wà lókè géètì ti dákẹ́. Kíá wọ́n á ti ní ayédèrú ni ráútà ọ̀hún, wọ́n á gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó tà á á ní òun kì í gba ọjà padà, ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà sha, kò sóhun tó ṣe ráútà yẹn, ẹni tó rà á ni ò wo nǹkan tó wà nílé kó tó mú owó jáde.

Kì í ṣe ráútà tó wọ́n jù lẹ ń wá. Èyí tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè ya ọ̀nà àwọn nǹkan àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lọ́nà àwọn tuntun lẹ ń wá, tó bá ti lè ṣe ìyẹn, kódà kí owó ẹ̀ má pọ̀, ó tó. Àwa tá a wà ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń kọ ọ́ fún o, nílé tó jẹ́ pé SIM la fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí NEPA ń múná lọ tó tún ń mú un bọ̀ nígbà tó bá wù ú, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù míì torí pé wọ́n pààrọ̀ ráútà.

1. Ẹ kọ́kọ́ ka nǹkan tó wà nílé

Ẹ mú bébà àti bírò, ẹ rìn yípo ilé, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo wifi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn wọ́n á ní fóònù bíi mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa ẹ máa rí i pé tẹlifíṣọ̀n wà ńbẹ̀, PS4 àwọn ọmọ wà ńbẹ̀, POS tí mọ́mì fi ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, kámẹ́rà, prínńtà, táblẹ́ẹ̀tì tí àbíkẹ́yìn fi ń wo kátúùnù, gbogbo ẹ̀ ló ń mu nínú ráútà kan náà.

Níwájú ìkọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì lẹ máa kọ: àkọ́kọ́, ṣé 2.4GHz nìkan ló ń gbà àbí ó ń gba 5GHz náà (ọ̀nà méjì tí wifi ń gbà nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn). Ìkejì, irú ààbò páswọ́ọ̀dù tó mọ̀, ṣé WPA2 ló mọ mọ àbí ó ti mọ WPA3.

Láptọ́ọ̀pù ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ netsh wlan show drivers, ẹ tún tẹ Enter. Ọ̀rọ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ máa tú jáde, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ibi tí wọ́n kọ Radio types supported sí lẹ ń wá. Orúkọ oríṣi wifi ni wọ́n tò síbẹ̀: tó bá jẹ́ 802.11b, 802.11g àti 802.11n nìkan ló wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà pé 2.4 nìkan ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 802.11a tàbí 802.11ac tàbí 802.11ax, ó ń gba 5. Ẹ sún sísàlẹ̀ díẹ̀ síi, ẹ máa rí ibi tí wọ́n to WPA-Personal, WPA2-Personal àti ẹgbẹ́ wọn sí. WPA2-Personal tí CCMP wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ fẹ́ rí, CCMP yẹn lohun tí ráútà ń pè ní AES. Tó bá wà ńbẹ̀, láptọ́ọ̀pù yẹn ṣì máa pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà àti POS ò ní cmd, àmọ́ ọ̀nà kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá fóònù kan tó tuntun díẹ̀, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wọ sẹ́tíǹgì hotspot ẹ̀, ó máa gbà yín láyè láti mú 2.4GHz tàbí 5GHz. Ẹ pa dátà ẹ̀, ẹ mú 5GHz, ẹ tan hotspot, kẹ́ ẹ wá lọ bá nǹkan àtijọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó wá wifi. Èyí tó bá rí orúkọ fóònù yín ń gba 5. Èyí tí ò rí i, ẹ dá hotspot padà sí 2.4 kẹ́ ẹ tún wò ó, tó bá wá rí i báyìí, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Tí fóònù yẹn bá tún ní WPA3 nínú sẹ́tíǹgì hotspot, ẹ fi dán wọn wò bákan náà.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ̀ wò. iPhone 4 àti 4S, 2.4 nìkan ni, iPhone 5 tó jáde ní 2012 ni iPhone àkọ́kọ́ tó gba 5GHz. PS4 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013 náà, 2.4 nìkan ni, Slim àti Pro tó tẹ̀ lé e ní 2016 ló ti ń gba méjèèjì. HP LaserJet P1102w tó kún àwọn business centre ọ̀hún, 2.4 ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wifi tí kò wọ́n, títí kan èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, 2.4 ni. Ibẹ̀ yẹn ló ti máa ń ya èèyàn lẹ́nu, pé nǹkan lè jẹ́ tuntun nínú páálí kí wifi inú ẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, torí pé ẹni tó ṣe é fẹ́ kó pọ́ọ́kú.

2. Kí ló ń fa ìjà láàárín tuntun àti àtijọ́

Wifi ti pẹ́ o. 802.11b jáde ní 1999, 11Mbps ni gbogbo agbára ẹ̀ (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára). 802.11g dé ní 2003 pẹ̀lú 54Mbps, 802.11n dé ní 2009, lẹ́yìn náà 802.11ac tó jẹ́ pé orí 5GHz nìkan ló ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni 802.11ax. Ní 2018 ni Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wifi, rí i pé lẹ́tà yìí ti ń da orí àwọn èèyàn rú, wọ́n wá fún wọn ní nọ́ḿbà: n di Wi-Fi 4, ac di Wi-Fi 5, ax di Wi-Fi 6. Wi-Fi 7 ló wà lórí àtẹ báyìí, January 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ráútà tuntun tó bá ti ní 2.4GHz nínú ṣì gbọ́ èdè gbogbo àwọn àtijọ́ yìí. Ibi tí wàhálà ti ń wá yàtọ̀. Èkíní ni ààbò: ráútà kan máa ń ti iléeṣẹ́ wá pẹ̀lú WPA3 nìkan, nǹkan àtijọ́ ò sì mọ WPA3, torí 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á kàn máa sọ pé páswọ́ọ̀dù ò tọ̀nà tàbí kó má tiẹ̀ sọ nǹkankan. Ìkejì ni pé wọ́n pa 2.4 àti 5 pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Smart Connect tàbí band steering ni wọ́n sábà máa ń pè é, ráútà ló ń pinnu ibi tí kálukú máa lọ, prínńtà àti kámẹ́rà àtijọ́ a sì máa ṣìnà níbẹ̀. Ìkẹta, èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn: àwọn láptọ́ọ̀pù kan tó lo káàdì wifi Intel bíi 7260 àti 3160, tí driver inú wọn (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì yẹn) bá ti gbó, wọn ò ní rí wifi tó bá ń lo ax rárá, àfi tẹ́ ẹ bá fi driver tuntun sí i. Láptọ́ọ̀pù tokunbo tó ní káàdì yẹn kún ìgboro, ẹ wo orúkọ káàdì náà ní Device Manager lábẹ́ Network adapters, kẹ́ ẹ sì ti gba driver tuntun sílẹ̀ láti ojú ewé Intel kí ráútà tó dé, torí tó bá ti dé tán tí láptọ́ọ̀pù ò rí i, kí lẹ fẹ́ fi gbà á.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí náà. Tẹ́ ẹ bá rí 5G lára orúkọ wifi, 5GHz ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe 5G ti MTN tàbí Airtel. Ráútà lè ní 5GHz kó má gba 5G nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Àwọn ọlọ́jà kan mọ̀, wọ́n kàn ń fi ṣe yín ni.

3. Ibo ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé?

Ibí yìí ló máa sọ irú ráútà tẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀ tàbí iye antẹ́nà tó gbé sókè.

Tó bá jẹ́ SIM ni, ráútà tó ní ojú SIM lẹ máa rà. Ẹ rí i pé unlocked ni, pé gbogbo SIM ló ń gbà, torí èyí tí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ta fún èèyàn sábà máa ń jẹ́ pé SIM tiwọn nìkan ló mọ̀, wọ́n sì máa ń tọ́jú ọ̀pọ̀ sẹ́tíǹgì pamọ́ tẹ́ ẹ ò ní rí yí. Ẹ mú SIM yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kó gbà kẹ́ ẹ rí i. Ráútà tí wọ́n kó wá láti òkèèrè lè má gba band, ìyẹn ìgbì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń lò níbí, wọ́n lè tà á fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, kó máa gba 3G nìkan.

Ti 5G ńkọ́? MTN ti ń tà á láti September 2022, Airtel náà tẹ̀ lé e ní 2023, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló dé. Ẹ yá fóònù ẹni tó ní 5G, ẹ fi SIM yín sí i, ẹ dúró nínú yàrá tí ráútà máa wà gan-an, kì í ṣe ní ojú títì Ọyẹ́mẹ́kùn. Tó bá jẹ́ 4G ló ń kọ níbẹ̀, ẹ fi owó 5G yẹn sápò, ẹ ra ti 4G.

Tó bá jẹ́ Starlink lẹ ní, ó ti ní ráútà tiẹ̀, ẹ lè máà ra òmíràn. Nínú app ẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tẹ́ ẹ ti lè ya 2.4 àti 5 sọ́tọ̀, ìyẹn nìkan a máa yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo ráútà tiyín, Bypass mode, tó ń yọ ráútà tiwọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ráútà Gen 2 wọn ò ní ojú kéébù, àfi kẹ́ ẹ ra adapter ẹ̀, Gen 3 ló ti ní in lára. Fáíbà ní tiẹ̀, ráútà tí kò ní SIM tó ní ojú WAN, ìyẹn ojú kéébù tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ló bá a mu.

4. Èyí tí màá rà, èyí tí mi ò ní rà

Nọ́ḿbà tó wà lára páálí, bíi N300, AC1200, AX1500, AX3000, àròpọ̀ ni. Wọ́n ro agbára 2.4 pọ̀ mọ́ ti 5 kó lè dà bíi pé ó pọ̀. AC1200 jẹ́ 300 lórí 2.4 àti 867 lórí 5. AX1500 jẹ́ 300 àti 1201. AX3000 jẹ́ 574 àti 2402. Ẹ wo AC1200 àti AX1500 dáadáa, 300 kan náà ló wà lórí 2.4 àwọn méjèèjì! Ìyẹn ni pé àwọn nǹkan àtijọ́ yín tó jẹ́ 2.4 nìkan, wọn ò ní jẹ àǹfààní kankan lára owó tẹ́ ẹ fi kún un. Kò sì sí ráútà tó lè fún yín ní ohun tí SIM ò mú wọlé, tí 4G yín bá ń mú 20Mbps wá, 20Mbps náà ni gbogbo ilé máa pín.

Tèmi, ráútà dual-band ni, ìyẹn èyí tó ní 2.4 àti 5, AC1200 fún ilé tí nǹkan àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, AX1500 tàbí AX1800 tí fóònù àti láptọ́ọ̀pù tuntun bá ti ń pọ̀ sí i. Mi ò ní ra N300 tó jẹ́ 2.4 nìkan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọ̀ṣọ̀mù. Nǹkan àtijọ́ yín máa fẹ́ràn ẹ̀ o, kò ní bá wọn jà rárá, àmọ́ ẹ wo àwọn àdúgbò tí hostel pọ̀ sí ní ìhà yunifásítì FUTA, South Gate àti Àùlé, tẹ́ ẹ bá tan fóònù, orúkọ wifi tó máa jáde lórí 2.4 ò lóǹkà, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹ́ kí fóònù tuntun yín rí 5 sá lọ. Wi-Fi 7 àti àwọn oní-antẹ́nà mẹ́jọ tó dà bí aláǹtakùn yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí nǹkan ilé ẹ̀ bá a mu.

5. Ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ ní kí wọ́n tan án. Ọlọ́jà máa ń ṣe bíi pé ẹ bú òun.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tan èyí, mo fẹ́ wo sẹ́tíǹgì inú ẹ̀."

"Ha, mọ́mì, tuntun nínú páálí ni o, a kì í já a."

"Kò burú, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ńkọ́, ṣebí ìkan náà ni? Ẹ jẹ́ n wo tiyín."

Ó máa rẹ́rìn-ín, ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ fi fóònù wọ wifi ẹ̀, ẹ ṣí 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 nínú browser (ó máa ń wà lẹ́yìn ráútà pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù ẹ̀), kẹ́ ẹ lọ sí Wireless. Ẹ wò ó bóyá 2.4 àti 5 lè ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo Security bóyá WPA2-PSK AES (WPA2-Personal òkè yẹn náà ni) wà ńbẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ wo Mode bóyá ẹ lè mú b/g/n, ẹ wo Channel (ojú ọ̀nà kékeré tí wifi ń gbà nínú 2.4 tàbí 5) bóyá ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yàn án, ẹ wo bóyá Guest Network, ìyẹn wifi ọ̀tọ̀ fún àlejò, wà. Tí mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ò bá sí, ẹ gbé e sílẹ̀ kódà tí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Lẹ́yìn ráútà, ojú kéébù LAN (èyí tí wọ́n fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà) méjì ó kéré tán, ẹ máa nílò wọn.

6. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé

Kẹ́ ẹ tó yọ ráútà àtijọ́, ẹ kọ orúkọ wifi ẹ̀ àti páswọ́ọ̀dù ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, lẹ́tà ńlá ní lẹ́tà ńlá, àlàfo ní àlàfo. Orúkọ yẹn àti páswọ́ọ̀dù yẹn gan-an lẹ máa fún 2.4GHz ti ráútà tuntun, pẹ̀lú WPA2-PSK AES. Ìdí ẹ̀ rèé: kámẹ́rà tó wà lókè géètì, POS, prínńtà, tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ nǹkankan, wọ́n á kàn so padà fúnra wọn, ẹ ò sì ní gun àkàsọ̀ torí àtitún kámẹ́rà tò. Mi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń bá èèyàn tò ó kì í fi í ṣe é báyìí, wọ́n á fi orúkọ tuntun sí i, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ.

Ẹ pa Smart Connect. Ẹ fún 5GHz ní orúkọ míì, kódà ẹ lè kàn fi -5 sẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ààbò ti 5 lè jẹ́ WPA2/WPA3 pa pọ̀. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù tó bá gba 5, ẹ so wọ́n mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tẹ Forget fún ti 2.4 lórí wọn, kí wọ́n má máa sá padà.

Tẹ́ ẹ bá rí PMF tàbí Protected Management Frames (ààbò míì nìyẹn) níbì kankan, lórí 2.4 ẹ fi sí Optional tàbí kẹ́ ẹ pa á, tó bá wà ní Required, nǹkan àtijọ́ ò ní wọlé.

Ẹ má fi WEP, ààbò àtijọ́ gan-an, sí i láéláé torí pé nǹkan kan ò gba WPA2. Láti 2001 ni wọ́n ti fi hàn pé WEP ṣeé já. TKIP tó jẹ́ ààbò àtijọ́ náà, ẹ yà fún un, tẹ́ ẹ bá mú un, wifi 802.11n máa já wálẹ̀ sí 54Mbps. WPS, tó ń jẹ́ kí nǹkan so mọ́ ráútà láì kọ páswọ́ọ̀dù, ẹ pa á náà, láti 2011 layé ti mọ̀ pé PIN ẹ̀ ò le.

Channel: 1, 6 tàbí 11, ẹ yàn án fúnra yín, ẹ má fi sí Auto. Tó bá wà lórí Auto, ráútà lè lọ sí 12 tàbí 13, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tokunbo tó jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún kì í sì í rí 12 àti 13 rárá. Ọ̀sán yìí ó rí i, lálẹ́ kò rí i mọ́, ẹ máa rò pé àjẹ́ wọ̀ ọ́. Channel width lórí 2.4 ẹ fi sí 20MHz, lórí 5 ẹ jẹ́ kó wà ní 80.

Mode wá ńkọ́? Lórí 2.4 ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b/g/n. Tó bá jẹ́ ráútà Wi-Fi 6, tí nǹkan àtijọ́ kan ò sì rí i, ẹ pa ax lórí 2.4 nìkan, ẹ jẹ́ kó wà lórí 5. Tí kò bá sí ohun tó ń lo b nílé yín, ẹ yọ b kúrò tí ráútà bá gbà yín láyè. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pín, ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí channel kan, bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò tò síbi ẹ̀rọ omi kan tí ẹnì kan wá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹnu tóóró sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹni tó gbé bókẹ́ẹ̀tì máa dúró tì í. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ kó àwọn tuntun lọ sórí 5 nìyẹn, kì í ṣe torí fáàrí.

Kámẹ́rà tuntun tẹ́ ẹ bá ń so fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí fóònù tẹ́ ẹ fi ń so ó wà lórí orúkọ 2.4 ná. Tó bá ti gbà, fóònù lè padà sórí 5. Guest Network dáa fún àlejò àti POS, ṣùgbọ́n ẹ má fi prínńtà síbẹ̀, torí ẹni tó wà lórí Guest kì í rí ẹni tó wà nínú ilé, ẹ máa tẹ Print títí ilẹ̀ á fi ṣú.

7. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀

Láptọ́ọ̀pù tó ní ojú LAN, ẹ fi kéébù Cat5e so ó mọ́ ráútà, ọ̀rọ̀ wifi ti kúrò níbẹ̀. Èyí tí wifi ẹ̀ ò dáa mọ́, USB wifi kékeré tó ń gba 2.4 àti 5 wà lọ́jà, ó dín owó gan-an ju láptọ́ọ̀pù míì lọ, kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé driver ẹ̀ wà fún Windows tẹ́ ẹ ń lò. Kọ̀ǹpútà tó ṣì wà lórí Windows XP, kí Service Pack 3 wà lórí ẹ̀ kó tó lè gba WPA2 wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ tèmi ni pé kọ̀ǹpútà yẹn ò yẹ kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ jẹ́ kó máa fi USB tẹ ìwé lórí prínńtà jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀.

Tí nǹkan àtijọ́ bá pọ̀, ráútà àtijọ́ yín lè máa bá wọn gbé. Báyìí lẹ ṣe máa ṣe é. Kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ tuntun, ẹ fi láptọ́ọ̀pù wọ inú sẹ́tíǹgì ẹ̀, níbi LAN ẹ yí IP (àdírẹ́sì) ẹ̀ padà, bí ráútà tuntun bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ sọ ti àtijọ́ di 192.168.1.2. Ẹ wá pa DHCP, tó ń pín IP fún gbogbo nǹkan, lórí àtijọ́, kó má báa sí ọ̀gá méjì nílé kan. Kẹ́ ẹ wá fi kéébù so ojú LAN ti tuntun mọ́ ojú LAN ti àtijọ́, kì í ṣe WAN. Ẹ fi ọ̀kan sórí channel 1, ẹ fi èkejì sórí 11. Àtijọ́ á máa bá kámẹ́rà àti prínńtà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá lè fún 2.4 ti tuntun ní orúkọ míì. Ọgbọ́n yìí náà dáa fún ilé gígùn, tí yàrá ẹ̀yìn kì í rí wifi.

8. Ibi tó máa jókòó, àti ọ̀rọ̀ iná

Ráútà onísíìmù fẹ́ ojú fèrèsé kó lè rí mast, wifi fẹ́ àárín ilé. Ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínṣì kọ́, 5GHz kì í la ògiri méjì ẹ̀ já dáadáa, 2.4 ló máa ń gbìyànjú. Ẹ gbé ráútà onísíìmù síbi fèrèsé tó ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù, tí pálọ̀ ò bá rí 5 dáadáa, kéébù àti ráútà kejì bíi tòkè yẹn ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ má tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ má gbé e lé orí fíríìjì.

Fún iná, ẹ wo lẹ́yìn adapter ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 12V 1A, ìyẹn ni pé kò lè mu ju 12 watt lọ. Mini UPS 12V tó kéré bí ìwé àdúrà máa gbé e fún wákàtí díẹ̀ tí iná bá lọ, kò nílò inverter. Ẹ má fi 12V sí ráútà tó jẹ́ 9V tàbí 5V torí pé ẹnu ẹ̀ wọlé, ẹ máa gbọ́ òórùn.

Ẹ yí páswọ́ọ̀dù admin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ṣe update firmware (ètò inú ráútà) nígbà tí dátà bá wà. Ẹ mú bébà tẹ́ ẹ kọ níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi àmì sí gbogbo nǹkan tó ti so mọ́ ọn, ẹ pa ráútà kẹ́ ẹ tún tan án, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn padà wá fúnra wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Tí ẹ ò bá ní lo ráútà àtijọ́ mọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ tà á tàbí kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí gbogbo iná ẹ̀ á fi ṣẹ́jú, torí páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ṣì ń lò nílé wà nínú ẹ̀.